Bí A Ṣe Ri Àlìséṣàn Mọ́ Yanrìn Kó Lè Rìn

Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà o. A ri ajá mọ́ yanrìn. Ajá àlìséṣàn gidi, tó ga dé ìbàdí mi, tí orí ẹ̀ tó orí ọmọ màlúù. A gbẹ́ ihò sẹ́yìn ilé wa ní Sùúrùlérè, a gbé ìdí ẹ̀ sínú ihò, a kó yanrìn tutù bò ó, torí kó lè rìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in báyìí kẹ́ ẹ parí ẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, mi ò sì tíì rẹ́rìn-ín dòní.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló ra ajá. Bọ̀dá là ń pè é. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, táì kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀, kódà tó bá ń lọ ra búrẹ́dì. Ìgbà yẹn, kò tíì pẹ́ tí wọ́n ní kí gbogbo mọ́tò máa gba apá ọ̀tún. Ogun ti parí, àmọ́ ìbọn ti wà lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn olè wọ ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Wọ́n kó rédíò, wọ́n kó fíríìjì, wọ́n tiẹ̀ gbé ìkòkò ọbẹ̀ lórí sítóòfù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, Bọ̀dá dúró lójú wíńdò, ó ń so táì, ó ní, "Ajá ló kàn. Kì í ṣe àwọn tó ń jẹ pàǹtí kiri yìí o. Ajá tó ní ìran."

Ìgànmú ló ti rà á, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sin àlìséṣàn tà, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ tíátà ńlá yẹn. Ó gbé e wálé nínú páálí. Ó ní òyìnbó ló mú bàbá ajá yìí wá láti ìlú wọn, bàbá bàbá ẹ̀ sì gba ife-ẹ̀yẹ. Bó ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni ń ki oríkì ni. Èmi ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, torí èmi ni mi ò níṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi ni mò ń gbé, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó Bọ̀dá. Mò ń bá a tọ́jú ọmọ, mo sì ń kọ́ ara mi ní táípù lórí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti pa tì ní ofíìsì Bọ̀dá.

Mi ò fẹ́ràn ajá tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ n sòótọ́. Àmọ́ tí mo bá bú eléyìí, á wá gbé orí ẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé inú máa ń tètè bí mi. Ó dáa, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ máa bínú sí ẹni tó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀?

Nígbà tó ń sún mọ́ ọmọ ọdún kan ni wàhálà dé. Kó tó dìgbà yẹn, ara á máa hún un tí oòrùn bá mú, etí ẹ̀ náà ṣomi tó ń rùn, mo fi omi iyọ̀ nù ún, ó lọ. Eléyìí tó wá dé ò lọ. Tó bá fẹ́ sáré, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì á jọ fò lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti ehoro. Tó bá ń rìn, ìdí ẹ̀ á máa fì sọ́tùn-ún, á fì sósì. Àwọn ọmọ àdúgbò á máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e: "Sisí! Sisí ń lọ sọ́jà!" Mò ń sọ wọ́n lókò. Tó bá di àárọ̀ tí mo pè é, á fi ẹsẹ̀ iwájú dìde, á wá jókòó síbẹ̀, á máa wò mí, bíi pé ó fẹ́ sọ pé, dúró ná, àwọn tẹ̀yìn ń bọ̀.

Bọ̀dá ní ọ̀lẹ ni. "Oúnjẹ ló ti pọ̀ jù. Mú un sáré."

Mo mú un sáré. Láàárọ̀, kí mọ́tò tó pọ̀, a ó yí pápá ìṣeré po. Bí mo ṣe ń mú un sáré tó ló ń burú sí i tó. Lọ́jọ́ kan ó kàn jókòó sáàárín títì. Tírélà tó ń gbépo ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, mi ò lè gbé e, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Dírẹ́bà sọ̀ kalẹ̀.

"Sisí, ṣé ajá lẹ mú jáde ni àbí bàbá yín?"

"Bàbá tìẹ ni!"

"Bàbá mi ì bá ti dìde."

Mo ń bú u. Òun náà ń bú mi, ó sì gbá ajá nídìí mú, a jọ gbé e dé etí títì. Nígbà tó padà wọ mọ́tò ẹ̀, ó ní, "Ẹ lọ tọ́jú ajá yín o, ó ń ṣàìsàn." Ìyẹn ló tiẹ̀ bí mi nínú jù. Ẹni tí ò mọ̀ wá rí ti rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bọ̀dá sọ ọ̀rọ̀ tó dá gbogbo nǹkan rú. Iṣẹ́ ìjọba fẹ́ gbé e lọ sí Kàdúná fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń kó aṣọ sí àpótí.

"Ajá tí kò lè dìde, olè wo ló fẹ́ lé? Aláìsàn kọ́ ni mo lọ rà. Tí mo bá dé tí kò dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, dókítà ẹranko á fún un lábẹ́rẹ́, ó parí."

Mo ní, "Ẹ ẹ́ pa á?"

"Wọ́n á jẹ́ kó sùn."

"Oorun wo nìyẹn, Bọ̀dá? Ẹ ẹ́ pa á ni!"

Àǹtí mi fi ojú sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Bọ̀dá pa àpótí dé. Kì í pariwo. Èmi ni mo máa ń pariwo nínú ilé yẹn.

Bó ṣe lọ báyìí, mo bẹ̀rẹ̀. Mo fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Mo fi àdí pa á. Mo ki aṣọ bọ omi gbígbóná, mo fi jó o ní ìbàdí. Mo lọ sí kẹ́míìsì ní Yábàá, ọkùnrin ibẹ̀ ta oògùn ara ríro fún mi, ó ní ti èèyàn ni o, ohun tó bá ṣe ajá kó má kan òun. Mo fi í sínú mọ́ínmọ́ín, ajá gbé e mì, ó sùn, ó jí, ìdí ò dìde. Ohun tó ń pa mí níbẹ̀ ni pé kì í ké. Kó tiẹ̀ ké kí n mọ ibi tó ń dùn ún! Á kàn máa lá mi lọ́wọ́. Mo máa ń jókòó tì í, màá ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ọjọ́ tó bá dé nìkan. Ṣáà dìde fún un lọ́jọ́ yẹn, tó o bá fẹ́, máa sùn lọ lẹ́yìn ìyẹn." Bí mo ṣe ń bẹ ajá nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan ti tán nígbà tí ìyá Bọ̀dá wá kí wa láti Mùṣin. Abọ́ àti páànù ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n. Bọ̀dá nìkan ló di oníṣọ́ọ̀ṣì nínú àwọn ọmọ wọn, iléèwé ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ìyá ò jẹ́ kí ajá sún mọ́ àwọn, torí tí itọ́ ajá bá kan aṣọ wọn, àfi kí wọ́n fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kírun. Tí wọ́n bá ti dé, a máa ń gbé àga wọn sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á ká ìró sókè bí ẹni fẹ́ sọdá odò. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, tí wọ́n ń wo ajá tó ń wọ́ ìdí nílẹ̀ lọ síbi omi ẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n pè mí, "ó ti ṣe jẹ́ tí kò rìn?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò gbé e mọ́, Mà."

"Ẹ ò sì ri í mọ́lẹ̀?"

"Mà?"

"Mo ní ẹ ò ri í mọ́lẹ̀? Kí lẹ wá ń ṣe látọjọ́ yìí? Ẹ̀ ń wò ó?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lọ́dọ̀ ìyá àgbà mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọ tó bá pẹ́ kó tó rìn, wọ́n á gbẹ́ ihò sínú yanrìn, wọ́n á gbé e sí i lóòró, wọ́n á kó yanrìn yí i ká dé ìbàdí. Kò ní lè jókòó, kò ní lè ṣubú. Ẹsẹ̀ á gbà pé iṣẹ́ òun nìyẹn.

"Ọkọ yín tó ń wọ táì yẹn," ìyá ní, "ẹ̀yìn ilé wa ni mo ri í mọ́ bí ọ̀pá iṣu. Ó ń ké, èmi ń jẹ àkàrà mi. Kò pẹ́ kò jìnnà, à ń sáré lé e kiri ọjà."

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ ń lọ, Bọ̀dá ń bọ̀. Tí ìyá bá ní ká gbé ajá gun òrùlé lọ́jọ́ yẹn, màá wá àkàbà.

Yanrìn tí onílé fi mọ fẹ́ǹsì ṣẹ́ kù sẹ́yìn ilé. Mo mú ṣọ́bìrì. Ìyá ń pàṣẹ látorí àtẹ̀gùn, ìró wọn lọ́wọ́: "Jẹ́ kó jìn! Ìdí ajá ju ìdí ọmọ lọ! Ẹ wọ́n omi sí i kó lè dì. Ẹ jẹ́ kí iwájú wà lókè, ṣé ẹ fẹ́ sin ín ni?" Èmi àti Àǹtí mi gbé ìdí ẹ̀ sínú ihò. Kò bù wá jẹ, kò jà. Ojú mi ló ń wò. Mo kó yanrìn yí i ká, mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó le, mo sì sún sẹ́yìn.

Ó dúró.

Ó dúró gírígírí, àyà síwájú, etí nà sókè, bí ajá inú àwòrán. Mi ò rántí ìgbà tí mo rí i bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Omi bọ́ lójú mi, mo yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó kún fún yanrìn nù ún, yanrìn kó sí mi lójú, mo wá ń sunkún ní tòótọ́.

Ìyá ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀ ń da ara yín láàmú."

Ariwo ti lọ. Orí ti pọ̀ lókè fẹ́ǹsì. Obìnrin ilé kejì, èyí tí wọ́n gbé ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀ lọ, ó na ọrùn bí ògòǹgò.

"Ìyá ajá! Ṣé ó ti ń hù?"

Mo dá a lóhùn, "Ìkòkò ọbẹ̀ yín ńkọ́, ṣé ó ti padà wálé?"

Gbogbo orí fẹ́ǹsì bú sẹ́rìn-ín, àfi òun. Àǹtí mi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ.

Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la wá ń ri í. Yanrìn tutù yẹn bá a lára mu, ó máa ń sùn nínú ẹ̀ lóòró. Tá a bá hú u, á rìn díẹ̀, á wó. Mò ń sọ fún ara mi pé ti òní pọ̀ ju tàná lọ. Àǹtí mi náà ń bá mi sọ ọ́: "Ó pọ̀, ó pọ̀." A ò wo ojú ara wa tá a bá ń sọ ọ́.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí Bọ̀dá dé, ológbò kan fò látorí fẹ́ǹsì, ó gba iwájú ajá kọjá. Ajá wà nínú ihò. Mo wà ní kíṣìnnì. Ohun tó bá ajá wáyé ni pé kó lé ológbò; iwájú ẹ̀ ta, ìdí ẹ̀ há sínú yanrìn. Mo gbọ́ igbe kan. Mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé ọmọ Àǹtí mi ló jábọ́. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, ó dà sílẹ̀ níwájú, ìdí ẹ̀ lọ́ sẹ́yìn, ó ń gbọ̀n. Mo fi èékánná wa yanrìn yẹn. Mi ò rántí pé ṣọ́bìrì wà ńlẹ̀.

Takisí ò fẹ́ gbé wa. Ọ̀kan ní, "Tó bá tọ̀ sórí síìtì mi ńkọ́?" Òmíràn ò tiẹ̀ dúró. Èyí tó wá gbé wa nígbẹ̀yìn, ó ní ká tẹ́ nǹkan sílẹ̀, Àǹtí mi tú gèlè orí ẹ̀ tẹ́ ẹ. Bá a ṣe dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ní Yábàá nìyẹn, èmi pẹ̀lú ẹrùpẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Dókítà náà ò tíì dàgbà. Ó dá egungun tó yẹ̀ padà, ó ya fọ́tò inú ara ajá, ó gbé e síwájú wíńdò kí ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá.

"Ẹ wo ibí. Orí egungun itan yẹ kó wọ inú ihò yìí kó ṣe rẹ́gí. Tiẹ̀ ò ṣe rẹ́gí. Ó dà bí ọmọrí tí kì í ṣe ti ìkòkò ẹ̀. Tó bá ti gbẹ́sẹ̀, egungun á máa ha egungun."

"Ṣé yanrìn ló ṣe é?" mo bi í.

"Yanrìn wo?"

Àǹtí mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ó ní ó ti wà lára ẹ̀ látinú ìyá ẹ̀. Sísáré tó ń sáré, sísanra tó sanra, ó dá kún un, àmọ́ ìran ló ti mú un wá. Àwọn ajá ńlá tí wọ́n ń gbówó lé lórí yìí, ó ní wọ́n á ní kí ẹ̀gbọ́n gun àbúrò, kí bàbá gun ọmọ, torí kí ojú àti àwọ̀ wọn lè jọra. Àìsàn wọn náà á sì jọra. Ó ní àwọn míì tiẹ̀ wà, ìdí wọn dáa, wọ́n á jẹun tán, inú á dédé wú, ikùn á lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún, kí olówó wọn tó rí mọ́tò wọ̀ wọ́n ti kú.

Inú bí mi débi pé mi ò mọ ẹni tí màá bú. Kí wọ́n tó fa Àǹtí mi fún Bọ̀dá, àwọn àgbà wa lọ wádìí dé Mùṣin. Ṣé wárápá ò sí ńbẹ̀? Ṣé ẹ̀tẹ̀ ò sí? Ṣé wọn kì í ya wèrè? Wọ́n bi aládùúgbò, wọ́n bi ọ̀tá. Ajá tí wọ́n ń ki bàbá bàbá ẹ̀ fún wa, kò sẹ́ni tó bèèrè bí bàbá bàbá yẹn ṣe ń rìn. Ife-ẹ̀yẹ! Wọ́n fún un ní ife-ẹ̀yẹ lórí kí ni?

"Ó ṣì lè pẹ́ láyé o," dókítà ní. "Ẹ dín oúnjẹ ẹ̀ kù. Kó má sáré mọ́. Kó máa sùn síbi tó rọ̀. Tó bá fẹ́ rìn, ẹ fi aṣọ gba abẹ́ ikùn ẹ̀, ẹ bá a gbé ìdí."

"Ṣé á lè ṣọ́lé?"

Ó wò mí. "Rárá."

Nílé, Àǹtí mi mú ọ̀já tó fi ń pọn ọmọ jáde, ó jù ú sí mi. Mo fi gba abẹ́ ikùn ajá, mo fà á sókè díẹ̀. Ó rìn. A rìn yí ẹ̀yìn ilé ká, èmi lẹ́yìn, òun níwájú, bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́. Inú ẹ̀ dùn, ó ń gbóòórùn gbogbo òdòdó. Mo wá ní in lọ́kàn pé tí Bọ̀dá bá rí i bẹ́ẹ̀, á gbà.

Ọ̀sán Sátidé ni mọ́tò ẹ̀ wọlé. Mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ọ̀já lọ́wọ́ mi, ajá níwájú mi lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó gbọ́ ìró mọ́tò, ìrù ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù mí lórúnkún.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá. Ó dúró."

Bọ̀dá wo ajá. Ó wo ọ̀já. "Tú u."

"Dókítà ní tá a bá ń bá a gbé..."

"Mo ní tú u."

Mi ò tú u. Àǹtí mi ló wá mú ọwọ́ mi, ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́." Mo tú u. Ajá dúró. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ó dúró, láìsí ẹni tó dì í mú. Ká ní Bọ̀dá rọ́jú síbẹ̀ ni, ká ní kò sọ nǹkan kan. Àmọ́ ó pè é. Ajá sì gbọ́ orúkọ ẹ̀ lẹ́nu ẹni tó ra òun, ó sáré, ìdí já sílẹ̀. Ó wọ́ ara ẹ̀ dé ibi bàtà Bọ̀dá, ìrù ẹ̀ ò dáwọ́ dúró.

Bọ̀dá ní, "Gbé e wọ mọ́tò."

Mo bú jáde. Mi ò lè gbé e mì. "Wọ́n ri ẹ̀yin náà mọ́lẹ̀! Ìyá yín sọ fún wa! Ẹ̀yin náà ò tètè rìn! Ṣé kí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́ nígbà yẹn ni?"

Àǹtí mi fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé Bọ̀dá á gbá mi létí.

"Èmi rìn," ó ní.

Nígbà tá a dé Yábàá, kò lè wọlé. Ó dúró ti mọ́tò ẹ̀, ó ń nu gíláàsì tí kò dọ̀tí. Èmi ni mo di ajá lórí mú. Ó lá ọwọ́ dókítà tó fẹ́ gún un. Dókítà ní kí n máa bá a sọ̀rọ̀, mo ṣí ẹnu, èébú nìkan ló wá sí mi lẹ́nu, mo bá ń bú u: ọ̀lẹ, oníyẹ̀yẹ́, ajá burúkú. Mo ń bú u lọ títí orí ẹ̀ fi wúwo lọ́wọ́ mi.

Mo ní mi ò ní fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò lè dá a gbé. Bọ̀dá bọ́ kóòtù ẹ̀, òun náà wọlé, ó ní, "Mú iwájú." Òun mú ẹ̀yìn. A ò wo ara wa lójú. A gbé e wá sílé, ó fúnra ẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ẹrùpẹ̀ kún táì ẹ̀.

Kò ra ajá mìíràn. Ó ní kí bíríkìlà wá fọ́ ìgò, kó tò ó sórí fẹ́ǹsì yí ilé ká. Ìgò ló ń ṣọ́ wa báyìí. Àǹtí mi ń bẹ̀ mí pé kí n gbà á gbọ́ pé Bọ̀dá náà jẹ̀yà. Mo gbà á gbọ́. Tó bá jí láàárọ̀, tó bá ti ofíìsì dé, mo máa ń kúnlẹ̀ fún un bó ṣe yẹ kí n kúnlẹ̀. Á ní, "Ṣé dáadáa ni?" Á dúró díẹ̀, á máa retí kí n kí òun. Orúnkún mi wà nílẹ̀. Ẹnu mi ò ṣí.